Omi Tó Kí Èédú

Tíṣà mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin rèé tí a ti sin ọ́. Mi ò ní béèrè àlàáfíà ara rẹ, mo mọ̀ pé àìsàn kò mọ ọ̀nà ibi tí o wà. Ara tèmi le. Mo ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi kì í ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan ń gbóná lẹ́nu mi: òjé ti kúrò nínú omi kànga ilé-ìwé yín!

Lẹ́yìn tí o lọ, mo kó èèpo àgbọn tí o ṣà jọ, mo sun ún nínú agolo oníderí bí o ṣe máa ń ṣe é, mo gún un, mo jọ̀ ọ́, mo rọ èédú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tí o ṣe láti máa fi sẹ́ òjé kúrò nínú omi. Mo da omi kànga lé e lórí, mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ gbayawu, mo sì gba omi rẹ̀ kún ìgò àyẹ̀wò. Mi ò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi, àwọn èrò ń dúró dè mí.

Èsì burú. Òjé tí àwọn tó ń yọ́ bátìrì dà sílẹ̀ ládùúgbò ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú omi náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí ẹlẹ́ẹ̀kejì bá tún rí báyìí, a máa da èédú yẹn nù, a máa dí kànga pa, kí àwọn ọmọ máa sọdá títì lọ pọnmi lọ." Tíṣà, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sin ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo jókòó ti dúrọ́ọ̀mù náà, inú ń bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ sí i, tí o gbá mi lọ́wọ́: "Ọ̀gá dírẹ́bà, ta ló ń lé yín? Omi tó bá ń sáré kì í dúró kí èédú. Bí kò bá kí i, báwo ni èédú ṣe máa sọ ẹrù kalẹ̀ fún un?"

Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín. Mo dín ẹnu ẹ̀rọ kù títí omi fi ń kán tó, tó, tó. Lọ́tẹ̀ yìí mo pa ọkọ̀. Àwọn èrò mi bú mi títí, wọ́n bá ọkọ̀ mìíràn lọ. Láti ìgbà tí aago ìwọlé ti dún láàárọ̀ títí àwọn ọmọ fi jáde, báàkẹ́ẹ̀tì kan péré ló kún. Inú rẹ̀ ni mo ti bu omi àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Lánàá, ọmọbìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò pè mí: "Bàbá, ẹ jókòó ná. Òjé dà? A wá a tì!" Ta ni yóò jókòó? Mo fò sókè bí ọmọ ewúrẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé mu ife omi náà kan lójú gbogbo ọmọ, ó ní òun ń fẹ́ dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta sí i. "Omi Tíṣà" ni àwọn ọmọ ń pè é.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún ọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má parun.

Èmi ni ọkọ rẹ,
Dírẹ́bà oníwàdùwàdù.

Àfikún: O ti kọ́ mi pé èédú máa ń yó, tí kò ní lè gba òjé mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, n ó pààrọ̀ rẹ̀, n ó sì jókòó tì í. Mi ò ní jẹ́ kí omi náà sáré.