Ọmọ Tí Gbogbo Ayé Yìn Pé Kì Í Sunkún

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ọjà,
                                        Inísà,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Àyànfẹ́, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá mi,

Báwo ni gbogbo ilé? Bàbá Olúwọlé ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Olúwọlé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti gbà láti máa jẹ ẹ̀wà? Ìwọ gan-an wá ńkọ́, aláboyún? O kú ìfaradà o. A ó gbóhùn ìyá, a ó sì gbóhùn ọmọ.

Mo gbọ́ pé ò ń bínú pé mo bímọ, mi ò sì pè ọ́. Ó tọ́ kí o bínú. Ọ̀rọ̀ náà ni kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kí o lè kà á, kí Bàbá Olúwọlé náà sì kà á, nítorí ó kàn yín.

Ọjọ́ Ẹtì ni omi já lára mi ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí mò ń di irun oníbàárà kan. Mi ò ní ìrora kankan. Mo lọ sílé, a jókòó, a ń retí ìrọbí. Ìrọbí ní tirẹ̀ kò kánjú. Kó tó dé, ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀ tún ti mọ́, oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta ti mú. Ilé ìgbẹ̀bí kan nítòsí wa ni mo bí i sí. Obìnrin ni. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti dé, ó sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wà lára àwọn àgbà ìjọ Aládùúrà wa, ní àwọn ò tíì rí ọmọ tó mọ ìwà hù báyìí rí. Àwọn tó wá kí wa ní ọmọ náà mọ̀ pé ó rẹ ìyá òun ni. Titus ọkọ mi, tó jẹ́ káfíńtà, ní bàbá òun ló jọ, torí bàbá òun náà kì í sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí ọmọ oníwà tútù yìí kò fi mu ọmú. Bí mo bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á fi ẹnu kàn án, á sì sùn lọ, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò, tí kò dùn mọ́ ọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ gbóná. Ó ń mí lókèlókè, ó sì ń kérora jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Mo wọ bàtà. Mo ní kí Titus wá mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkìrun.

Ìyá ọkọ mi dìde. “Ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ lo fẹ́ gbé jáde? Wọn kì í gbé ọmọ tuntun jáde kó tó di ọjọ́ ìkómọ.”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Tí a bá dúró de ọjọ́ ìkómọ, ṣé a ó rí ọmọ kó jáde?”

Wọ́n wo ọmọ náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n mú gèlè wọn àti ike omi àdúrà, wọ́n sì wọ mọ́tò ṣáájú mi.

Ní ilé ìwòsàn, Dókítà Adéọlá, obìnrin bíi tiwa, kò jẹ́ kí a parí ìkíni. Ó gba ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ kí èsì tó dé. Wọ́n tún fa omi díẹ̀ ní ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn náà ti dé ọpọlọ. Titus tó ń fi ayùn rẹ́ igi ìrókò rí abẹ́rẹ́ yẹn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ní kó jọ̀wọ́ lọ jókòó níta.

Nígbà tí èsì dé, dókítà ní kòkòrò kan ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, àmọ́ kò tíì dé ọpọlọ. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ B.

Bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ “ẹgbẹ́,” wọ́n bọ́ bàtà. “Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹgbẹ́ ọ̀run! Ẹ tú u sílẹ̀ lórúkọ Jésù!”

Dókítà ní, “Mà, ẹgbẹ́ yìí kò wá láti ọ̀run. Ara àwa obìnrin ló ń gbé.”

Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní kòkòrò náà nínú ìfun àti lójú ara, tí kì í yún wọn, tí kì í dùn wọ́n. Ó ní kì í ṣe àìsàn àgbèrè. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti ń yí ojú sọ́dọ̀ mi, yí i padà. Ìgbà ìbímọ ló lè ran ọmọ, pàápàá tí omi bá ti já tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe ní nǹkan kan. Àwọn díẹ̀ ló ń dá dùbúlẹ̀. Tí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú, oògùn tí wọ́n ń fà sí ìyá lára nígbà ìrọbí ló ń dáàbò bo ọmọ.

Wọ́ọ̀dù ni ọjọ́ ìkómọ bá wa. Wòlíì wa wá láti Òkukù, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí èrò wọlé, nítorí náà ojú fèrèsé ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tó kan oyin, dókítà ní oyin kò gbọdọ̀ kan ọmọ lẹ́nu. Titus bá a lá a. Olúwaṣíjibòmí ni orúkọ rẹ̀.

A ti wà nílé báyìí. Ó ń mu ọmú bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà ní kí a padà wá kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, torí àìsàn náà máa ń ba etí jẹ́ nígbà mìíràn. A ó lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àyànfẹ́, ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ará ilé mi. Obìnrin kan láti Ìgbayè, Motọ́láyọ̀, wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi. Àìsàn kan náà ló mú ọmọkùnrin tirẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ náà yìn ín pé ó dákẹ́. Wọ́n kàn yìn ín pẹ́ ju tiwa lọ ni. Ní àárọ̀ tí òun nìkan ń padà sílé, ó ká àwọn aṣọ tí ọmọ náà kò tíì wọ̀, ó kó wọn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní, “Ọmọ tiyín á wọ̀ wọ́n.” Mo ní, “Ẹ ṣé.” Ó ní kò tọ́pẹ́.

Nítorí náà, bí o bá lọ sí kílíníìkì aláboyún, bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò kòkòrò yìí fún ọ bí ó bá ku bí oṣù kan kí o bí. Tí wọn ò bá ń ṣe é, tí omi bá sì já, ìrora wà o, kò sí o, má jókòó dè é. Lọ bá wọn, kí o sọ ìgbà tó já. Tí ọmọ bá dé, tí kò mu ọmú, gbé e, kí o máa lọ.

Bá mi kí Bàbá Olúwọlé dáadáa. Fún Olúwọlé ní ẹran méjì lórúkọ mi. Ìyá ọkọ mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ti ń gbàdúrà fún ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ, wọ́n sì ní kí o jọ̀wọ́ tètè gba nọ́ńbà onímọ́tò kan sọ́wọ́.

                                        Èmi náà ni, ẹnì kejì rẹ,
                                        Fọláfúnmi (Ìyá Ṣíjibòmí).