Mùdùnmúdùn Ọmọ Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Òní ló yé mi. Dókítà tí mo sọ ní Onígègé — kì í sọ̀rọ̀ láìyàwòrán — ya eegun sórí ìwé, ó kun inú rẹ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń bá Àǹtí, àkọ́bí Màmá, jà fi ṣe ilé. Oògùn oṣù kan gé e lórí, kò fà á tu.

"Mùdùnmúdùn," ni Màmá pe inú eegun náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó rántí pé ẹkún ló yẹ kí n sun.

Ó ku oògùn tó le ju ti àkọ́kọ́. Tó bá ṣiṣẹ́, wọn á fi mùdùnmúdùn ọmọ ìyá rẹ̀ sí i lára. Bí kò bá ṣiṣẹ́, oògùn tuntun tí wọ́n ṣì ń dán wò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti àbúrò mi, Ọmọ Màmá, láti wo ẹni tí tirẹ̀ bá ti Àǹtí mu.

Ọjọ́rú, 5

Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ èmi.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọmọ Màmá ni. Ó bá a mu délẹ̀délẹ̀. Èmi, ìdajì. Ìdajì wúlò bí kò bá sí òmíràn, ni Onígègé wí, àmọ́ ti àbúrò mi ló dára jù. Mo di táyà sípíà.

Màmá gbá a mọ́ra: "Ọkọ mi, igi lẹ́yìn ọgbà mi!" Ó wá rí mi. "Ìwọ náà, o kú ìdúró."

Ọjọ́bọ̀, 20

Oògùn kejì ti bẹ̀rẹ̀. Irun Àǹtí ti tán. Ọmọ Màmá ní bí òun bá fẹ́ fá irùngbọ̀n, orí Àǹtí lòun ó máa wò bíi dígí. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí. Kó tó yé mi, wọ́n ti bọ́ sórí òmíràn — mo dá tèmi rín lẹ́yìn wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò nílé ìwé òkè òkun. N ò lè pa àwàdà kan.

Àìkú, 23

Ìlara ni. Mo ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin

Oògùn ṣiṣẹ́! Onígègé ya eegun míì, funfun báláú, kò kun nǹkan kan sínú rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ oògùn tó máa pa mùdùnmúdùn Àǹtí run. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àtipadà: bí wọn ò bá fi tuntun sí i, ikú ni.

Lọ́sàn-án, Ọmọ Màmá fà mí lọ́wọ́ sẹ́bàá ilé ìwòsàn. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣe é. Ẹ ṣáà ní ìdajì." Eegun funfun yẹn — ó rò pé tòun ni, pé wọ́n á gbọ́n inú òun gbẹ.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n máa bù, ara á sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Mo mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, láìṣì í sọ.

Mo ní, "Jẹ́ kí n rò ó."

Ìwé, ilẹ̀ ọ̀la ò ní pẹ́ẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n pè ní ìdajì, ṣé wàá sọ òótọ́ yẹn fún un?