Ebè Méjìdínlógún fún Òdòdó Màmá Joanna

Ojúlé 2146, Òpópónà Hickory Bend,
Conyers, Georgia,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Òkúdu, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, John,

Báwo ni ilé, báwo ni gbogbo Òṣogbo? Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kí ó gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdúró lágbedeméjì? Mo gbọ́ pé àbígbẹ̀yìn yín ti wọ Pólì wa. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó bá irú olùkọ́ tí ó kọ́ wa ní ìṣirò pàdé. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Àsmá'ù ìyàwó mi ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, èmi náà sì wà ní ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀gbẹ́ òpópónà márosẹ̀ I-20, níbi tí mo ti ń yẹ ẹrù àwọn ẹlòmíràn wò bóyá ó pé.

Nínú lẹ́tà rẹ tí ó kẹ́yìn, o ní kí n fi àwòrán òdòdó tí mo ti ń fi yangàn sí ọ láti ọdún tó kọjá ránṣẹ́. Kò sí àwòrán. Kò sí òdòdó pẹ̀lú, ó kéré tán, kò sí lọ́dọ̀ mi. Ìwọ ni o sọ mí ní Àpótí nígbà tí a wà ní Pólì, nítorí pé ohun gbogbo ń wọ inú mi, ohunkóhun kì í sì í jáde. Lónìí, mo fẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀. Ìwọ nìkan ni kí o yọjú wò ó.

Coral bells ni àwọn ará ibí ń pe òdòdó náà. N kò mọ orúkọ rẹ̀ kankan ní èdè wa, nítorí náà alágogo ni mo pè é nínú ìwé ìrántí mi. Ewé rẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀: òmíràn ní àwọ̀ àlùkò, òmíràn dà bí oyin, òmíràn tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Bí oṣù Èbìbí bá dé, yóò na ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sókè, agogo wẹ́wẹ́ pupa, tí kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, yóò sì so rọ̀ mọ́ ọn lára. Òtútù kì í pa á. Ohun mẹ́ta péré ni ó kórìíra: oòrùn ìrọ̀lẹ́ Georgia, omi tí ó dúró sí i nídìí, àti erùpẹ̀ ní ọrùn rẹ̀, níbi tí ewé ti ń yọ jáde. Ọrùn yẹn gbọ́dọ̀ wà lójú ilẹ̀, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Bí a bá bò ó, yóò jẹrà.

N kò kọ́ èyí nínú ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Eli, aládùúgbò mi, ni ó kọ́ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró lẹ́bàá ọgbà rẹ̀, tí mo ń wò bí ó ṣe ń hú ìdì tó bá ti gbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó ń pín in, tí ó sì ń tún un gbìn. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn obìnrin mọ́sálásí wa gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó rẹ̀, Màmá Joanna, fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Obìnrin náà kò gbàgbé. Ní Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá, nígbà tí ó pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kó o lọ sí Covington. Ẹni tí ó ra ilé náà ní koríko nìkan ni òun fẹ́. Màmá Joanna pè mí, ó ní kí n hú alágogo mọ́kànlélógún tí ọkọ òun gbìn, kí n kó wọn fún mọ́sálásí. Ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè: bí wọ́n bá tanná ní Èbìbí, kí a pe òun wá wò wọ́n.

Ó yẹ kí o mọ mọ́sálásí wa. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ni tẹ́lẹ̀. A ní ìgbìmọ̀ fún ohun gbogbo níbẹ̀, títí kan ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀. Alága ìgbìmọ̀ àyíká ni Alhaji Saubana, ọmọ Ṣakí, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi Ṣakí sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì fi ọdún mẹ́tàlélógún wa ọkọ̀ agbẹ́rù nínú ilé ìkẹ́rùsí níbí. Inú ìrírí yìí ni ó ti di ògbóǹtarìgì nínú gbogbo ohun tí ń hù lórí ilẹ̀.

Mo lọ sí ìpàdé pẹ̀lú ojú ìwé kan tí mo ti tẹ̀ dáadáa: ibi tí a ó gbìn ín sí, bí omi yóò ti pọ̀ tó, bí ọrùn rẹ̀ yóò ti wà. Mo nawọ́. Alhaji wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mùkáílà, ẹ̀yin ọmọ Pólì ti kàwé tán, gbogbo wa ti rí i. Ẹ jẹ́ kí àwa tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ́ ṣiṣẹ́. Àbí ta ni yóò kọ́ ọmọ Ṣakí ní ohun tí ilẹ̀ ń fẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ díẹ̀. Mo ká ìwé mi sí mẹ́rin, mo fi í sí àpò, mo sì pinnu pé n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e, Alhaji yan ẹ̀gbẹ́ ògiri ìwọ̀-oòrùn, lẹ́bàá ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí oòrùn ti ń yan kọnkéré láti ọ̀sán títí dé ìrọ̀lẹ́. Ó bọ́ agbádá, ó ká ṣòkòtò, ó sì kọ ebè. John, ebè iṣu gidi, tí ó ga dé orúnkún! Ó ri alágogo kọ̀ọ̀kan sínú ebè títí ó fi ku ṣóńṣó ewé, ó wá fi koríko gbígbẹ dé e lórí, ó sì fi erùpẹ̀ tẹ koríko náà mọ́lẹ̀. Ó ku kí ó ri ọ̀pá tí ìtàkùn yóò gùn. Lẹ́yìn náà ni ó so páìpù mọ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá, kí omi náà má baà ṣòfò, ó sì darí rẹ̀ sí ìdí ebè. Báyìí ni òdòdó ọmọlúàbí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, láìkí ìrun kankan.

Ebè méjìdínlógún ni. Mo mọ̀ pé o ti ń ṣírò rẹ̀, nítorí pé mọ́kànlélógún ni mo pè ní ìṣáájú. Mo ti dá mẹ́ta dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé mi, lábẹ́ igi óákù, níbi tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan ti ń dé. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbí, n kò sọ fún Àsmá'ù pàápàá. Ìṣọ́ra ni mo pè é nínú ìwé ìrántí mi.

Ẹnu mi wà ní pípadé, ṣùgbọ́n gègé mi kò sinmi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ mi, kí n kọ ohun tí mo rí. Ọ̀sẹ̀ kẹta: ewé ebè kejì rọ̀. Oṣù Ọ̀pẹ: ebè keje ń rùn. Èmi nìkan ni mo mọ bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe dùn mọ́ mi tó. Nígbà tí ó fi di Ẹrẹ́nà, kò sí ewé kan lókè mọ́. Alhaji ní wọ́n ń sùn ni, pé iṣu pàápàá máa ń sùn kí ó tó jí. Ó da ìgbẹ́ adìẹ lé wọn lórí kí oorun náà lè dá lójú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá Joanna tẹ̀ mí láago ní Èbìbí. Ó ní òun ti ra fìlà tuntun, ọmọ òun yóò gbé òun wá ní Àbámẹ́ta. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Alhaji, mo sì dúró láti gbádùn ojú rẹ̀. Ojú náà yí padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣakí kì í gba kádàrá bẹ́ẹ̀. Ó wakọ̀ lọ sí Pleasant Hill Road ní Duluth, ó ra òdòdó oníke ìdì méjìdínlógún, ó sì ri wọ́n mọ́ ebè lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa, funfun, òmíràn búlúù bí aṣọ ọlọ́pàá.

Màmá Joanna dé tòun ti fìlà rẹ̀. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ títí ó fi dé iwájú ebè àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó di òdòdó náà mú, òdòdó sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Bébà ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Ó wo ebè láti èkíní dé èkejìdínlógún, ó wá bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Àwọn wo ni ẹ sin síbí?"

Gbogbo òyìnbó tí Alhaji ń sọ láti ọjọ́ yìí wá fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Màmá Joanna fi ọ̀pá rẹ̀ tú ebè náà, ó sì gbé ìdì dúdú kan jáde tí ó ti rọ̀ bí ọṣẹ. Ọmọ rẹ̀ sáré gbé àga wá. Ó jókòó, ó gbé ohun jíjẹrà náà lé itan, lórí aṣọ rere rẹ̀. Kò sunkún. Ó sàn kí ó sunkún.

Mo ti ń retí ọjọ́ náà fún oṣù méje, John. Mo ti rò bí yóò ṣe bú Alhaji, tí èmi yóò sì yọ ojú ìwé mi jáde nínú àpò. Kò tilẹ̀ wo apá ibi tí Alhaji wà. Èmi ni ó kọjú sí.

"Mùkáílà, ẹni yìí kò mọ̀. Ìwọ mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Eli fi kọ́ ọ. Kí ni o sọ fún wọn?"

Kí n tó la ẹnu, Alhaji ti bá mi fèsì. "Kò sọ nǹkan kan, Màmá. Ó kàn ń jókòó sínú ọkọ̀, ó ń kọ̀wé. A rò pé ó ń kọ ìwé ìpíngún ni."

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti Eli ni ó bá mi dákẹ́.

Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́ mẹ́ta tí ó wà nílé. A tẹ̀ lé ara wa lọ síbẹ̀, ọkọ̀ mẹ́ta. Àsmá'ù yọjú láti ojú fèrèsé, ó wò mí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọkọ òun ní ìyàwó kejì. Àwọn alágogo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tanná, agogo wọn ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi óákù, ẹyẹ kékeré kan sì ń fi ẹnu gígùn rẹ̀ tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Joanna sún mọ́ wọn. Ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó dájọ́: kí a hú wọn tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn. Ọ̀kan yóò bá òun lọ sí Covington, méjì yóò lọ sí mọ́sálásí, sí ẹ̀gbẹ́ àríwá tí ibòji wà.

Mo rọra bèèrè pé, "Èmi ńkọ́, Màmá?"

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ìwọ ní ìwé rẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Alhaji kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá. Mo gbé alágogo lé ojú ihò, ọrùn rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, mo sì rí ọwọ́ àgbà náà tí ó ń fa erùpẹ̀ bò ó díẹ̀díẹ̀.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀."

Ó gbé e kúrò. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí? Kí ló dì ọ́ lẹ́nu láti Ọ̀wàrà, ìwọ ọmọ yìí? Nítorí pé mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan?"

Mo bu omi sí ìdí òdòdó náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, méjèèjì ṣì wà láàyè, èyí tí ó wà ní Covington náà sì ń tanná, gẹ́gẹ́ bí Màmá Joanna ṣe sọ fún Àsmá'ù. Àsmá'ù ni ó ń pè báyìí. Ihò mẹ́ta ṣì wà lábẹ́ igi óákù mi, n kò tíì dí wọn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí ìyá rẹ bí o bá dé ilé, kí o sì kí gbogbo ará ilé tí wọ́n bá bèèrè mi. Sọ fún ọmọ tí ó wọ Pólì pé kí ó máa nawọ́. Bí wọ́n bá fi í rẹ́rìn-ín, kí ó tún nawọ́.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí o bá lè gbà mí bẹ́ẹ̀,

Mùkáílà, tí o sọ ní Àpótí.