Jẹ́ Kí Màmá Lọ Wo Ewé

Radek, àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ mi ti rọ̀ díẹ̀, àmọ́ èédú ti gbówó lórí.

Inú ń bí mi sí ọ. Ewé ọgbà ìgbafẹ́ ti pọ́n yòò, gbogbo ìlú Poznań ń lọ wò ó, Màmá sì há mọ́lé, torí o pè é láti Chicago pé kò gbọdọ̀ jáde, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀. Ta ni yóò ṣa ewé tí Màmá fi ń ṣe òdòdó sí sàréè Bàbá lọ́dọọdún? Mo ní màá bá a ṣà á. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ bàbá rẹ ni?"

Pè é, kí o ní o ti gbà. Ọlọ́run á bù kún ilé rẹ. Bí o kò bá pè, màá pọ̀n ọ́n lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kí o wá láti Chicago wá gbà á lẹ́yìn mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bogna