Màámi, Kákítọ́ọ̀sì Yín Ti Yọ Òdòdó

Màámi àtàtà,

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá lónìí. Kákítọ́ọ̀sì yín ti yọ òdòdó.

Ẹ ó rántí pé òdòdó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, tí ẹ gbé e mọ́ àyà dé ilé yín ní Hillcrest Heights, tí ẹ kò jẹ́ kí n bá yín gbé e. Kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, ó rí roboto, ẹ̀gún bò ó. Láti ìgbà náà, kò yọ òdòdó kankan mọ́. Ojú fèrèsé ilé ìdáná lẹ fi í sí, níbi tí ooru sítóòfù ti ń bà á. Tí yìnyín bá ń bọ́, ẹ ó fi ìborùn yín yí ìkòkò rẹ̀ ká. Ẹ máa ń kí i lẹ́yìn ìrun àsùbáà kí ẹ tó kí àwa ènìyàn. Kí lẹ tilẹ̀ máa ń sọ fún un?

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo gbé e wá sílé wa ní Fairwood. Nínú gbogbo ohun tí ẹ fi sílẹ̀, òun nìkan ló ní ẹ̀mí. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, mo bá Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ mi, níbi tó ti ń gbé e lọ sí gáréèjì tí kò ní híítà. Ó ní òun kò ní bomi rin ín títí òtútù á fi lọ. Mo figbe ta.

"Ṣé o fẹ́ pa nǹkan màmá mi ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́," ló wí, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó máa ń kọsẹ̀. "Orí òkè ni ilé ẹ̀. Òtútù wà níbẹ̀. Tí kò bá sùn, kò lè yọ fláwà."

Ó ṣàlàyé pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn òkè gíga ní Bòlífíà ni irú rẹ̀ ti ń hù, láàárín àpáta. Lásìkò òtútù ibẹ̀, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ṣe ni yóò sùn, tí yóò máa kó agbára jọ. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Kákítọ́ọ̀sì náà súnkì, ara rẹ̀ hun jọ. Tí mo bá yọjú wò ó, omi á lé ròrò sójú mi, bí ẹni tó ń sin yín lẹ́ẹ̀kejì. Mọ́rẹ́nikẹ́ kò yẹ̀. Ó jogún orí kunkun yín.

Nígbà tí ooru padà dé, ó gbé e jáde sínú oòrùn, ó ń bomi rin ín díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan ló ké sí mi. Màámi, òdòdó pupa fòò ti yí i ká bí adé! Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé e lọ síbi ìdíje òdòdó kan ní Glenarden. Òun ló gba ipò kìn-ín-ní, láàárín àwọn tó ti ń gbin òdòdó kí a tó bí i. Obìnrin onírun funfun kan nínú àwọn adájọ́ bi í pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó pe orúkọ gígùn tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́, ó wá fi kún un pé ìyá ìyá òun sọ ọ́ ní Ẹ̀gúnlẹ́wà. Obìnrin náà kò rí i pè. Ọmọ tí mo máa ń tún Yorùbá ṣe fún lójoojúmọ́ wá dúró, ó ń kọ́ ọ ní ohùn rẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, títí ó fi pè é bó ṣe tọ́. Orí mi wú. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Kákítọ́ọ̀sì náà tún ti bímọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ ya àwọn ọmọ náà, ó pín wọn fún àwọn tó tọrọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ pè. Ní báyìí, àwọn tí kò mọ̀ yín rí ń tọ́jú Ẹ̀gúnlẹ́wà lójú fèrèsé wọn. Orúkọ tí ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ ni wọ́n ń pè é.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín, tó ń fi yín yangàn.