Àpò Yanrìn Tó Jókòó Sórí Àga Ìyá Àgbà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ọ̀hún ò pọ̀ jù fún yín? Gbogbo wa nílé wà láàyè, a sì ń jẹun. Tí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó. Ẹ mọ̀ pé kíláàsì kẹta ni mo ti fi ìwé sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo sọ fún yín lórí fóònù pé irin tí ẹ ní kí n lọ rà, tí màá máa gbé kí apá mi lè lágbára, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Irọ́ ni. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé, "Pánkẹ́rẹ́, má ra ohun tó ju agbára ẹ lọ o," àmọ́ orúkọ Pánkẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, irin gígùn tó tóbi jù ni mo na ìka sí, èyí tó rí róbótó bíi táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọkùnrin tó ń tà á wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé bàbá ẹ lo fẹ́ rà á fún ni?" Mo ní èmi ni. Dádì àti ọkùnrin náà ló gbé e wọlé, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ gbàà, ni táìlì pálọ̀ bá là sí méjì. Láti ọjọ́ yẹn, ara ẹ̀ ni Dádì ń fi fìlà kọ́ sí.

Ẹ ò sì mọ gbogbo ohun tó gbé mi dé ìdí irin. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà ti ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn ti jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ò gbà wọ́n dúró. Mọ́mì ló ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, títí ẹ̀yìn Mọ́mì náà fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ni Àǹkù, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, bá ní táwọn bá padà wá lẹ́yìn oṣù méjì tí kò sẹ́ni tó lè gbé màmá àwọn, ilé ìtọ́jú arúgbó ló kàn. Mo ní èmi ni màá máa gbé wọn. Àǹkù rẹ́rìn-ín títí ikùn wọn fi ń mì. "Ìwọ Pánkẹ́rẹ́? Ẹni tí atẹ́gùn ń gbé, ó fẹ́ gbé èèyàn!"

Kí n má parọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí táìlì là yẹn, mo tìlẹ̀kùn mọ́ra mi, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, mo sì sọ lọ́kàn mi pé kí wọ́n kúkú máa gbé Ìyá Àgbà lọ. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tẹ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fa irin tí kò mira. Ó ní, "Irin lo fẹ́ máa gbé ni, àbí ìyá àgbà ẹ? Irin ní ibi téèyàn ń dì mú. Ibo lèèyàn ti ń di ìyá àgbà ẹ mú?" Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Dádì dá irin padà. Mo fi gba irin ọwọ́ kékeré méjì, irú èyí tó ṣeé fi kún díẹ̀díẹ̀, àti rọ́bà gígùn kan tí wọ́n ń fà. Àpò ni mo fọwọ́ ara mi ṣe. Mo rọ yanrìn sí i dé ìdajì, mo so ẹnu ẹ̀ pa. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń bu abọ́ yanrìn kan kún un.

Orí àga Ìyá Àgbà ni mo máa ń gbé àpò náà jókòó sí. Màá tẹ orúnkún, màá gbá a mọ́ra, màá sì gbé e dìde. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà wò wá títí láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ta ni aláìmọ̀kan tó jókòó sórí àga mi yẹn?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà." "Èmi! Èmi ni mo sanra báyẹn? Gbé rọ́bà yẹn wá jàre!" Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì fún wọn, ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa fẹsẹ̀ fà á. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fà, wọ́n ń bú àpò yanrìn.

Sátidé tó kọjá ni Àǹkù dé, ìwé ilé arúgbó lọ́wọ́. Mo tẹ orúnkún, mo gbá Ìyá Àgbà mọ́ra, mo kà á: ení, èjì. Bí mo ṣe pe ẹ̀ta, mo fi gbogbo agbára gbé wọn, àfi bíi pé mò ń gbé ìrọ̀rí, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló ń gbé wọn! Mo fi ọwọ́ kan sílẹ̀. Mo fi ìkejì sílẹ̀. Wọ́n dúró. Mọ́mì bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà wá wo Àǹkù tó rì sínú àga tìmùtìmù, wọ́n ní, "Ìwọ náà dìde, ká wò ó." Àǹkù gbìyànjú, wọ́n padà jókòó. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n ké "yéè!" Dádì ló fà wọ́n dìde. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àǹkù ká ìwé wọn sápò. "Ìyá Onírin," wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, "mo túúbá."

Ọlọ́run á mú yín padà wálé láyọ̀. Ẹrù tó ju agbára yín lọ ò ní jẹ́ tiyín.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tí kì í ṣe Pánkẹ́rẹ́ mọ́.

Mo tún rántí o: láàárọ̀ yìí ni Àǹkù pè, wọ́n ní ká yá àwọn ní rọ́bà. Ìyá Àgbà já fóònù gbà lọ́wọ́ Mọ́mì: "Lọ ra tìẹ! Kékeré ni kó o sì fi bẹ̀rẹ̀ o."