Ìwé Tí Wọn Ò Jẹ́ Ká Rí Kà

Mummy mi ọ̀wọ́n,

Mo ti wọ yunifásítì yín, níbi tí ẹ ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní láíbìrì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní password tí a fi ń ka ìwé ìwádìí láíbìrì, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà létí fèrèsé, mo tẹ orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà wa ní Kétu fún yín. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi rí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé oògùn yẹn a máa mú kí ètè àti ahọ́n ẹlòmíì wú, pé ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ lò ó mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ètè yín wú. Dókítà ní edé ni. Ẹ jáwọ́ nínú edé, ẹ ń lo oògùn lọ láràárọ̀. Inú ọ̀rá ni wọ́n máa ń kà á sí fún yín, kò sí páálí, kò sí ìwé nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ẹ̀yìn agolo mílíìkì kí ẹ tó ṣí i.

Ọkàn yín ò balẹ̀, ẹ ní kí n bá yín wá ohun tí wọ́n kọ nípa oògùn náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà bí wọ́n ṣe ń wá ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ oṣù tí ẹ fẹ̀yìn tì gan-an ni wọ́n ti pa password yín. Mo kúrò nílé ní Ìkòsì, mo lọ bẹ ọ̀gá tó jókòó sórí àga yín, ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ níṣẹ́. Kò wojú mi. Ó ní, "Staff àti student nìkan ló wà fún. Mummy náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ lẹ òfin náà mọ́ ara ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo délé ròyìn, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ń fi etí ìró nu gíláàsì ojú yín. Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, Mummy?

Ẹ ní kí n dé cybercafe. Mi ò lọ. Mo ní dókítà mọ̀ jù wá lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ká tó gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà yẹn, ọ̀fun yín ti dí, ẹ̀mí ti bọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ ojú ìwé náà jáde, mo gbé e lọ bá dókítà náà ní Kétu. Mo ti to ọ̀rọ̀ kíkan sẹ́nu. Ó kà á, ó tún un kà. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi sílẹ̀. A ò ní ibi tí a ti ń rí irú èyí kà níbí." Kò bẹ̀ mí. Mo fi í sílẹ̀ fún un, mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Àwọn ìyá bíi mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, káàdì lọ́wọ́, ọ̀rá oògùn lórí itan. Mi ò lè kọjá. Mo bi èyí tó sún mọ́ mi jù pé oògùn wo ni wọ́n ń lò. Wọ́n tú ọ̀rá náà fún mi wò, wọ́n bi mí bóyá nọ́ọ̀sì ni mí.

Mo ní rárá o, láíbìrì ni màmá mi ti ṣiṣẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò gbọ́ràn, tó sì fẹ́ràn yín.